Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn olùkọ́ tí ọmọ wọn wà ní ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni

Ní àwọn ilé-ìwé aládàáni ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń mú ọmọ wọn wá síbi iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń dín owó kù fún ọmọ òṣìṣẹ́, kò sí pé à ń sanwó ọkọ̀ lọ́tọ̀, bí ara ọmọ ò bá sì yá, òbí wà nítòsí. Ètò tó dára ni. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n ti sọ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí aáwọ̀ bá dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́.

Líle mọ́ ọmọ kí ẹnu má baà kùn yín

Ojúsàájú ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe ọmọ ní jàǹbá jù lójú tiwa ni òdìkejì rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta pariwo, ọmọ tíṣà nìkan ló wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ mìíràn gba 7 nínú 10, wọ́n ní ó ṣe dáadáa, tiyín gba 7, ẹ ní, “Ìwọ ọmọ tíṣà!” Ẹ rò pé ẹ̀ ń fi hàn pé ẹ kì í ṣègbè ni. Ọmọ ní tirẹ̀ ń kọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ òun tóbi ju ti ẹgbẹ́ òun lọ nítorí ẹni tó bí òun. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Lójú kíláàsì, ẹ ò lè fa ọmọ yín nìkan mọ́ra, nítorí náà ọwọ́ òsì nìkan ló ń rí láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì. Bó bá wá délé, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà lákọ̀tun.

Ìyà tí ẹ̀ṣẹ̀ kan bá gbà ní kíláàsì, ọ̀kan náà ni fún gbogbo wọn. Èyí tí ọmọ bá ti jẹ ní ilé-ìwé ti parí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ bá a wọlé. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bá jà, ẹ má ṣe jẹ́ adájọ́ ẹjọ́ náà rárá, kódà bó jẹ́ kíláàsì yín ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ pe tíṣà mìíràn tàbí ọ̀gá.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ náà ń dá kún un láìmọ̀. “Mọ́mì Tọ́lá, ọmọ yín ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá o!” Lákòókò ìsinmi ni, láàárín àwọn tíṣà yòókù, ojú á sì ti ìyá, á gbéra lójú ẹsẹ̀ lọ fa ọmọ létí. Òbí mìíràn kì í gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kìíní pé ohun tí wọn ò bá ní tìtorí rẹ̀ pe òbí mìíràn lórí fóònù, kí wọ́n má sọ ọ́ fún yín. Èyí tó bá wúwo, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ilé-ìwé fi ń ránṣẹ́ sí òbí, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ má yà wọ kíláàsì ẹlòmíràn lọ béèrè ìdí tí ọmọ yín fi gba 12 nínú 20. Ọ̀rọ̀ yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá jẹ́ ọ̀gá. Tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, tó mọ̀ pé igbákejì purinsípà ló ń kọ ìròyìn nípa iṣẹ́ òun, kò ní lè fún ọmọ igbákejì purinsípà ní 4 nínú 10. Ẹ ò ní láti bẹ̀ ẹ́, ipò yín ti sọ̀rọ̀ fún un. Kí purinsípà fúnra rẹ̀ máa yẹ iṣẹ́ tíṣà yẹn wò ní gbogbo ọdún tí ọmọ yín bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Máàkì

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, tẹ́ẹ̀sì ló ni 40, ìdánwò ló ni 60. Ìbéèrè tí ọmọ kàn ń mú A, B tàbí D kò ní wàhálà. Ìbéèrè àkọsílẹ̀ àti àròkọ ni ìṣòro wà, nítorí níbẹ̀ ni máàkì méjì tàbí mẹ́ta ti máa ń dúró lórí bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí kíláàsì bá ní A àti B, ẹ ní kí wọ́n fi ọmọ sí èyí tí ẹ ò kọ́. Kí wọ́n tó to orúkọ ni ẹ ó ti sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni tíṣà iṣẹ́ kan, ẹ kọ ìlànà bí ẹ ó ṣe pín máàkì sílẹ̀, kí ẹ sì fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́ kí ìdánwò tó wáyé. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìwé ìdánwò ọmọ yín mọ́ ti ọmọ mẹ́rin mìíràn, kí ẹ gbé márààrún fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ̀yin náà gba márùn-ún yẹ̀wò fún un. Tiyín nìkan tí ẹ bá gbé fún un, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi í di ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn sáà, nígbà tí gbogbo tíṣà ń sáré kọ káàdì èsì. Wọ́n á gbà pé àwọn á ṣe é, wọn ò sì ní ráyè.

Bí ọmọ bá dé SS3, ẹ yọ orúkọ yín kúrò nínú àwọn tó máa ṣọ́ yàrá ìdánwò rẹ̀. Láti 1999 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà lórí màgòmágó ìdánwò, ẹjọ́ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n sì ni.

Fóònù àti báàgì

Ibi tí ìbéèrè ti ń jò jù nìyí, láìsí ẹni tó gbìmọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ ìbéèrè sórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tẹ̀wé lórí WhatsApp, lálẹ́ ọjọ́ náà ọmọ gba fóònù yẹn láti ṣe géèmù. Pípa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí WhatsApp kì í fìgbà gbogbo pa fáìlì rẹ́. Ẹ wo inú ibi tí fóònù ń kó fáìlì àti fọ́tò sí, kí ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀ náà. Kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ló dára jù. Ìwé ìdánwò tí ẹ bá gbé wálé, kí ọmọ má bá yín ro máàkì pọ̀, bó ti wù kó mọ ìṣirò tó. Bí ẹ bá sì sọ lórí oúnjẹ alẹ́ pé ọmọ Lágbájá tún fìdí rẹmi, kíláàsì á ti gbọ́ kó tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Ọmọ tó ti jáde láago méjì, tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ di aago mẹ́rin, kò gbọdọ̀ máa jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òbí, owó oṣù àti ọ̀gá. Yàrá ìkàwé tàbí lẹ́sìnnì ni kó lọ. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá wà lórí díútì, tí ẹ gbọ́dọ̀ dé ṣáájú aago méje, ẹ gbé oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ dání nínú fúláàsì, nítorí kò ní lè jẹun nílé láago márùn-ún.

Owó

“Wọ́n á dín in kù fún yín” kì í ṣe àdéhùn. Ẹ gbà á ní kíkọ: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ mélòó, ṣé owó ilé-ìwé nìkan ni àbí ìwé, aṣọ, lẹ́sìnnì àti owó ayẹyẹ ìparí ọdún wà níbẹ̀, oṣù wo ni wọ́n á yọ èyí tó kù nínú owó oṣù. Kí wọ́n sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín sáà síbẹ̀: ṣé ọmọ á parí sáà náà ní owó òṣìṣẹ́, àbí wọ́n á ní kí ẹ san ìyókù kí wọ́n tó fún un ní káàdì èsì.