Kí Ẹ Tó Ra Ilé ní Àdúgbò Onígi

Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ fi yàrá sílẹ̀ ná. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, gbòǹgbò igi ńlá lè fa omi inú rẹ̀ tán nígbà ọ̀dá. Ilẹ̀ á súnkì, ìpìlẹ̀ á rì, ògiri á lanu. Igi tó bá sún mọ́ ilé ju gígùn ara rẹ̀ lọ, ẹ pe ẹnjiníà kó yẹ ìpìlẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ibi tó lanu ju mìlímítà 5 lọ, tó gba àárín búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, kì í ṣe ohun tí ọ̀dà lè bò. Ẹ má sì sáré gé igi náà o: amọ̀ tó ti gbẹ yóò tún mu omi, á wú, á sì ti ilé sókè. Níbi púpọ̀, òfin gan-an kò gbà kí ẹ gé e láìgbàṣẹ.

Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, lálẹ́, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Ọ̀nà tóóró tó dákẹ́ lọ́jọ́ Àìkú lè kún fún mọ́tò ní aago 8 àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ wá ojú ọ̀nà náà nínú ìwé ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àwọn onílé, ẹ̀yin náà ni yóò máa dáwó tún un ṣe.