Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Tó Ń Wá Orísun Sẹ́ẹ̀lì Wa Lọ́dọ̀ Archaea

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé èsì àyẹ̀wò ẹrẹ̀ etí omi wá bá mi. Owó dọ́là ló san fún kíka DNA inú ẹrẹ̀ náà, ó sì fi ọdún kan gbáko kó owó ọ̀hún jọ. Ó ní kò sí archaea kankan níbẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀dá tíntìntín onísẹ́ẹ̀lì kan tó jọ bakitéríà ṣùgbọ́n tí ìran wọn yàtọ̀. Mo wo primer tó lò, ìyẹn ègé DNA kúkúrú tí a fi ń mú jíìnì tí a ń wá: ti bakitéríà nìkan ni. Báwo ni yóò ṣe rí archaea? Kọ́kọ́rọ́ ilé onílé ló mú lọ. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyí tí irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójú mi, ó sì ti sú mi.

Mi ò ní í ṣàlàyé ìdí tí a fi ń wá orísun sẹ́ẹ̀lì oníkókó (tó ní àpò tó ń kó DNA sí láàárín), irú èyí tó wà lára ènìyàn, igi, olú àti ìwúkàrà, lọ́dọ̀ archaea. Ẹni tó bá ti ń ra kíìtì tí a fi ń yọ DNA ti mọ ìyẹn.

1. Ẹ má fi ojú lásán dájọ́. Lábẹ́ maikirosikóòpù, archaea àti bakitéríà jọra wọn: wọ́n kéré, wọn ò ní kókó nínú. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Títí di 1977, tí Carl Woese àti George Fox fi RNA inú ribosome wọn (ẹ̀rọ tó ń ṣe purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì) wéra, bakitéríà ni gbogbo ayé kà wọ́n sí.

2. Ẹ yẹ primer wò kí ẹ tó sanwó. Mo ti sọ ọ́.

3. Kì í ṣe inú omi gbígbóná nìkan ni archaea ń gbé. Lóòótọ́, orísun omi gbígbóná kan nísàlẹ̀ òkun láàárín Greenland àti Nọ́wè, Loki's Castle, ni wọ́n fi sọ Lokiarchaeota, ìran archaea kan tó sún mọ́ àwa oníkókó, lórúkọ ní 2015. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi kìlómítà 15 sí ibẹ̀ ni wọ́n ti bu ẹrẹ̀ náà, ní ìjìnlẹ̀ mítà 3,283.

Èyí tó kàn yìí ló ń bí mi nínú jù: kí ènìyàn gba igi ìran àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà bá yà fún un gbọ́. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀ka gígùn máa ń fa ẹ̀ka gígùn mọ́ra. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni DNA ní. Bí jíìnì ẹ̀dá méjì bá ti yí padà lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, tí ẹ̀ka wọn fi gùn, lẹ́tà kan náà yóò ṣèèṣì bọ́ sí ipò kan náà lára àwọn méjèèjì, láìjẹ́ pé wọ́n jogún rẹ̀. Bí ẹni méjì tó kúrò ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí ìdálẹ̀ ni, tí ahọ́n àwọn méjèèjì ti yí, tí ẹni tó rí wọn wá ní agbolé kan náà ni wọ́n ti wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ microsporidia, àwọn kòkòrò àrùn tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn. Ní 1987, igi kan tí wọ́n fi RNA ribosome ṣe gbé wọn sí ìdí pátápátá láàárín àwọn oníkókó. Àwọn onímọ̀ gbà pé àṣẹ́kù ìran tó wà kí mitochondria, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, tó dé ni wọ́n. Àwọn jíìnì mìíràn ló wá tú àṣírí pé ẹbí olú ni wọ́n, nígbà tó sì di 2002, wọ́n rí mitochondria tó ti súnkì nínú wọn. Jíìnì wọn tó ń yára yí padà ló tì wọ́n sí ìdí igi.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo háyà kọ̀ǹpútà ńlá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Igi tó yọ dùn ún wò, àfi ẹ̀ka kan tó gùn bí ọ̀pá ìpẹja lápá ọ̀tún. Mo ti ń múra láti lọ sọ ọ́ níwájú àwùjọ. Ọ̀gá mi fi ìka kan ẹ̀ka náà lórí bébà, ó ní, "Yọ eléyìí, kí o tún un ṣe." Mo yọ ọ́. Nígbà tí ìṣirò tuntun parí, àwọn oníkókó ti kúrò níbi tí mo fi wọ́n sí, wọ́n ti wọ àárín archaea lọ. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọgbó.

Nítorí náà, ẹ yọ ẹ̀dá tó ń sáré jù, ẹ yọ àwọn ipò tó ń yí jù nínú jíìnì, kí ẹ sì lo ìṣirò tó gbà pé ipò kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò ní 2008, tí igi ẹlẹ́ka 3 ti 1990 (bakitéríà, archaea, oníkókó, kálukú lọ́tọ̀) fi di ẹlẹ́ka 2 lọ́wọ́ wọn: bakitéríà lọ́tọ̀, archaea lọ́tọ̀, àwọn oníkókó sì wà láàárín archaea.

Ẹ yé pe Loki (Lokiarchaeota yẹn) ní bàbá ńlá wa. Ìbátan wa ni, ó ṣì wà láyé lónìí bíi tiwa.

Ẹ má sì fojú fo bakitéríà tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì bàbá ńlá wa tó di mitochondria. Ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì wa pàápàá, irú ti bakitéríà ni, kì í ṣe ti archaea. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ fi archaea nìkan ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ti máa ń kọsẹ̀.

Túùbù òfìfo ńkọ́? Ẹ mú túùbù tí kò ní ẹrẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà tí ti ẹrẹ̀ gbà, torí DNA àjèjì máa ń wà nínú kíìtì fúnra rẹ̀. Ní 2017, àwọn kan jiyàn pé àbàwọ́n wà lára àwọn jíìnì bíi ti oníkókó tí wọ́n ní àwọn rí nínú Loki. Inú ẹrẹ̀ tó dàpọ̀ ni wọ́n kúkú ti to DNA náà jọ, nígbà náà, kò sí ẹni tó tíì fojú rí sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún.

Sùúrù àwọn ará Jàpáánì ló dáhùn iyàn yẹn. Ní 2006 ni wọ́n bu ẹrẹ̀ ní ìjìnlẹ̀ mítà 2,533. Wọ́n fi gáàsì methane bọ́ ọ fún ohun tó lé ní 2,000 ọjọ́. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n tó ọdún 12 kí wọ́n tó ní Prometheoarchaeum syntrophicum, ọ̀kan lára ìran Loki, nínú túùbù, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2020. Àwọn jíìnì náà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ó ní apá gígùn tó yà sọ́tùn-ún sósì, àmọ́ kò ní kókó. Kò lè dá gbé: hydrogen tó ń tú jáde, aládùúgbò tó ń ṣe methane ló ń gbà á lò. Ọjọ́ 14 sí 25 ni ọ̀kan fi ń di méjì.

Ẹ wá ń bi mí bóyá ẹ lè gbìn ín láàárín oṣù mẹ́ta. Ní láàbù tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́n da túùbù ẹrẹ̀ òkun kan nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí pé omi inú rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Ó dùn mí títí dòní. Prometheoarchaeum yẹn a máa jókòó fún ọjọ́ 30 sí 60 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ rárá. Bí tiyín bá mọ́ gaara, ẹ kọ déètì sí i lára, kí ẹ gbé e padà sínú òkùnkùn.