Bí ṣíbí ṣe dúró lọ́wọ́ ọmọ mi

Ọmọ ọdún 4 ni ọmọ mi, ṣùgbọ́n ṣíbí kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣan ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára. Kí oúnjẹ tó dé ẹnu, ó ti dà sílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ra ṣíbí ọlọ́wọ́ nínípọn tí wọ́n ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó rí i dì mú lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo jù, kíá ló ń rẹ̀ ẹ́. Mo bá gé fóòmù, irú èyí tó ní ihò láàárín tí wọ́n fi ń bo páìpù omi, mo ki ọwọ́ ṣíbí kékeré kan bọ̀ ọ́. Ó nípọn, kò wúwo. (Bó bá ti ń já, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀ o, kí ọmọ má baà gé e jẹ.)

Abọ́ tó ń sá kiri lórí tábìlì ńkọ́? Aṣọ tútù ni mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ti ẹsẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní lílo ọwọ́ wo bó ṣe jókòó, ó ní, “Màmá, ẹsẹ̀ ọmọ yìí ń rọ̀ dirodiro.” Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ á máa fi agbára rẹ̀ dira mú kó má baà ṣubú, kí ló máa kù fún ọwọ́? Mo gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ká tówẹ̀lì sẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló dá jẹ ìdajì abọ́. Ó ṣì ń da díẹ̀ sílẹ̀. Mò ń nu ilẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín.