Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Fa Ayàwòrán Storyboard Sẹ́yìn Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó mọ àwòrán yà dáadáa ni ó máa ń rò pé iṣẹ́ storyboard kò ní nira fún òun, nítorí pé láti kékeré ni ó ti ń ya ojú àti ọwọ́ ènìyàn tí gbogbo ará ilé sì ń yìn ín. Inú èrò yìí gan-an ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àṣìṣe iṣẹ́ náà ti ń wá. Ìtàn ni storyboard, ìtàn tí a fi àwòrán sọ kí olùdarí, olóòtú, àwọn tí ń ya ibi ìṣẹ̀lẹ̀ àti àwọn tí yóò mú àwòrán náà rìn lè mọ ohun tí kámẹ́rà yóò rí, ibi tí yóò dúró sí àti bí yóò ti pẹ́ níbẹ̀ tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ní ilé-iṣẹ́ Walt Disney ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́ pátákó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Webb Smith sì ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó mú àbá náà wá. Àǹfààní tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni pé èyí tí kò bá bá ìtàn mu ṣeé yọ kúrò, kí a jù ú nù, láìba ìyókù jẹ́. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ ọn pé kí a ju iṣẹ́ ọwọ́ òun nù yóò jìyà nídìí iṣẹ́ yìí.

Nítorí náà ni àṣejù nínú ẹwà fi ṣáájú gbogbo àṣìṣe yòókù. Ẹ jẹ́ kí a mú ìran kékeré kan wò: obìnrin kan gba lẹ́tà, ó kà á, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò ya àpótí mẹ́ta, ìyẹn àwòrán mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú igun mẹ́rin tirẹ̀, yóò fi odidi ọjọ́ kan tọ́jú irun orí obìnrin náà àti iṣẹ́ ọnà ara aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú obìnrin náà ni kámẹ́rà wà nínú àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi kan náà ni ó jìnnà dé, kò sì sí ohun tí ó yí padà bí kò ṣe ẹnu tí ó rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ tí ó wá rọ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ya àwọn àwòrán kéékèèké tí kò ju èékánná lọ, ní ìlà mélòó kan péré, láti fi wá ọ̀nà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìka tí ń fa àpò lẹ́tà ya, kí ó lọ sí ojú tí ń sáré lórí ìlà, kí ó sì dúró lórí ojú náà nígbà tí kò sáré mọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò fa kámẹ́rà sẹ́yìn pátápátá, tí obìnrin náà yóò wá kéré nínú yàrá ńlá, láìjẹ́ pé a ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú lẹ́tà náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àpótí kọ̀ọ̀kan gbà á. Bí olùdarí bá ní kí wọ́n yọ ìran lẹ́tà náà kúrò lọ́la, tí irú rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n rárá, ẹni èkínní ni yóò bínú, ẹni kejì yóò ti mú ìwé mìíràn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí àwòrán rí wúruwùru. Ìlà lè má dán, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣeé kà lójú ẹsẹ̀: ta ni ó wà níbẹ̀, kí ni ó ń ṣe, níbo ni ó ń wò. Bí ẹni tí kò sí nítòsí nígbà tí a yà á bá ní láti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, àtúnṣe ni ó kù.

Àṣìṣe kejì tí àwọn olóòtú máa ń ráhùn lé lórí ni kí kámẹ́rà fo ìlà. Bí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ bá jókòó kojú ara wọn nídìí tábìlì, bàbá ní apá òsì tí ó ń wo ọ̀tún, ọmọ ní apá ọ̀tún tí ó ń wo òsì, ìlà kan tí a kò rí wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ìlà yẹn sì ni ó yẹ kí kámẹ́rà wà. Bí àpótí tí ó tẹ̀lé e bá ti ẹ̀yìn ìlà wo bàbá, òsì ni bàbá yóò máa wò báyìí, bí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe. Yóò wá dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń bá ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Òǹwòran lè má mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n yóò sọnù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, gbólóhùn tí ó yẹ kí ó gbọ́ yóò sì kọjá. Ọ̀nà láti sọdá wà: kí kámẹ́rà rìn kọjá kí gbogbo wa rí i, kí ọ̀kan nínú wọn dìde lọ sí apá kejì, tàbí kí a fi àwòrán kan sáàárín tí a yà láti orí ìlà náà gan-an. Àwọn kan máa ń fò ó mọ̀ọ́mọ̀ kí ara òǹwòran má balẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àìka àkókò sí náà ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju bí a ti rò lọ. Fírémù 24, ìyẹn ẹyọ àwòrán 24 tí ń tẹ̀lé ara wọn, ni ó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan fíìmù. Nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá 10 jẹ́ fírémù 240. Kódà nígbà tí a bá ń lo àwòrán kan fún fírémù méjì-méjì, àwòrán 120 ni ẹlòmíràn yóò jókòó yà fún ẹ̀dá kan ṣoṣo tí kò dẹ́kun ìrìn. Kò gba ayàwòrán storyboard ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti ya ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń sáré wọ ọjà, kí ó sì fa ọfà róbótó sí i pé kámẹ́rà yóò yí wọn po. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ọfà kékeré yẹn yóò ná àwọn tí yóò ṣe é, bóyá owó rẹ̀ kò tilẹ̀ sí. Kí ó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó yẹ kí ó ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá náà sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́, kí ó sì to àwọn àpótí náà pọ̀ pẹ̀lú ohùn di animatic, nítorí ibẹ̀ ni ìran tí ó dùn lórí ìwé ti máa ń fi hàn pé òun gùn jù.

Ní ti ètò kọ̀ǹpútà, Storyboard Pro ti Toon Boom wọ́pọ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn mìíràn ń lo Photoshop tàbí Blender. Ẹni tí ó bá fi ọdún kan kọ́ bọ́tìnnì kí ó tó kọ́ bí a ti ń sọ ìtàn ti fi ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀.

Àkójọ iṣẹ́ tí a fi ń wáṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù láìmọ̀. Wọn a kó ogún àwòrán aláwọ̀ mèremère jọ, akọni tí ó mú idà lọ́wọ́, ọmọge tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀, àti àwọn ẹ̀dá tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ti sọ di olókìkí. Kò sí èyí tí ó sọ ohun tí ẹni tí ń gbani síṣẹ́ fẹ́ mọ̀, èyíinì ni pé bóyá olùwáṣẹ́ yìí lè gbé ìtàn láti àwòrán kan bọ́ sí èkejì. Ìran méjì tàbí mẹ́ta tí ó pé, ọ̀kan tí ó pani lẹ́rìn-ín, ọ̀kan tí ènìyàn méjì kàn jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó sàn ju gbogbo ogún yẹn lọ. Èyí tí ó tún léwu ni fífi iṣẹ́ tí a ti tọwọ́ bọ̀wé pé a ó pa mọ́ hàn kí fíìmù náà tó jáde. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá rí i yóò bi ara rẹ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ náà yóò ṣe tú.

Ẹni tí ó bá ń ya àwòrán ìwé mọ́ storyboard gbọ́dọ̀ yí ìwà padà bí ó ti ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Nínú ìwé, àwòrán tí ó parí ni ọjà tí a ń tà, ẹwà tí a ní kí ó dín kù lókè yìí sì di dandan. Àṣìṣe ibẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀kan ni kí a kun àwọ̀ tán kí oníbàárà tó fọwọ́ sí àwòrán ìpìlẹ̀. Òmíràn ni kí a yà á kéré: ìtẹ̀wé sábà máa ń fẹ́ 300 dpi (iye ẹ̀kán àwọ̀ nínú ínǹṣì kan) ní ìwọ̀n tí àwòrán yóò jẹ́ gan-an lórí ìwé, a kò sì lè fa àwòrán kékeré títí kí ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ RGB, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn lójú kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọ̀ ewé àti búlúù tí ó mọ́lẹ̀ gan-an, yóò ṣá nígbà tí ó bá di CMYK, àwọ̀ tádàwà mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀wé, lọ́wọ́ atẹ̀wé. Bí àwòrán bá gba ojú ìwé méjì, kí ojú ẹ̀dá má ṣe bọ́ sí àárín tí a ti di ìwé pọ̀, kí àwòrán sì yọ kọjá etí ìwé, mìlímítà 3 ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ń béèrè, kí etí funfun má baà hàn nígbà tí wọ́n bá gé e.

Ní ti owó, ìtìjú ni ó ń pa àwọn ayàwòrán. Wọn a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, wọn kò ní béèrè iye ìgbà tí a lè tún un ṣe kí owó tó lé sí i, tàbí ẹni tí yóò ni ẹ̀tọ́ lórí àwòrán náà, tàbí ohun tí a ó san bí wọ́n bá fagi lé iṣẹ́ náà lágbede méjì. Bí ilé-iṣẹ́ bá fún olùwáṣẹ́ ní ìdánwò kékeré, kò burú, ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ọ̀sẹ̀ méjì láìsanwó, lórí ìwé eré tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Inú ìwé àdéhùn kan náà ni ó yẹ kí a ti kọ ọ́ pé orúkọ ayàwòrán yóò hàn ní ìparí fíìmù, àti bí a ó ti kọ ọ́, nítorí nígbà tí wọ́n bá ń to orúkọ wọ̀nyẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ya storyboard ti kúrò níbẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.