Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi àṣẹ tí òmíràn ti bò mọ́lẹ̀ han òǹlò nínú Bash

Orúkọ kan ṣoṣo lè jẹ́ ti àṣẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú Bash, ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀, tó sì ń mú un ṣẹ. Alias (orúkọ àdápè fún àṣẹ) ni Bash ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ function (àkójọ àṣẹ tí a fún ní orúkọ kan), lẹ́yìn náà àṣẹ inú Bash fúnra rẹ̀, kó tó wá kan fáìlì inú PATH (àwọn àpò fáìlì tí Bash ń wá àṣẹ sí). Èyí tó bá kọ́kọ́ bá pàdé ló ń lò; ìyẹn ló bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀.

Má fi `which` ṣe àyẹ̀wò. Lórí Debian àti Ubuntu, PATH nìkan ló ń wò: yóò ní `/usr/bin/ls` ni, nígbà tó jẹ́ pé alias `ls --color=auto` ló ń ṣiṣẹ́. `type -a ls` ni kí o lò. Ìlà àkọ́kọ́ ni alágbára, òun ló bo àwọn tó tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀. Àmọ́ ṣọ́ra: bí o bá rí `/usr/bin/ls` àti `/bin/ls` pa pọ̀, fáìlì kan náà ni wọ́n lórí Ubuntu òde òní, torí pé `/bin` kàn ń tọ́ka sí `/usr/bin` ni. Fi `readlink -f`, tó ń fi ojúlówó ibi tí fáìlì wà hàn, yẹ̀ wọ́n wò kí o tó kọ ọ́ pé ọ̀kan bo èkejì.

Àṣìṣe tó ń da àtòjọ àwọn àṣẹ tí òmíràn bò rú jù lọ ni kíkọ àwọn àṣẹ tó ń ṣe é sínú fáìlì, kí a wá fi `bash atojo.sh` ṣí i. Bash tuntun nìyẹn. Kò ka `.bashrc` (fáìlì tí ètò òǹlò fún Bash wà), kò mọ alias kankan, function tí a kò sì fi `export -f` ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àtòjọ náà á wá sọ pé kò sí ohun tó bo nǹkan kan mọ́lẹ̀, irọ́ pátápátá. Fi `source atojo.sh` ṣí i, tàbí kí o sọ ọ́ di function nínú `.bashrc`.

`type -a` náà ní ibi tó kù sí: kì í wo ọ̀nà fáìlì tí Bash ti há sórí. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀dà tuntun sí `/usr/local/bin`, òun ni yóò kọ́kọ́ tò, síbẹ̀ ti `/usr/bin` tí o ti lò tẹ́lẹ̀ ni Bash ṣì lè máa ṣí. Tẹ `hash -r`, kí Bash lè gbàgbé ohun tó há sórí, kí o tó ṣe àtòjọ.

Má fi àwọ̀ nìkan ṣàmì. Bí òǹlò bá tọ́jú àtòjọ sínú fáìlì, àwọ̀ lè má hàn níbẹ̀ mọ́. Kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀: “alias bò ó”, “function bò ó”.

Kọ ọ̀nà àbáyọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. `\ls` ń fo alias nìkan, function ṣì lè dènà rẹ̀. `command ls` ń fo méjèèjì. Fún `echo`, tí Bash ní tirẹ̀ nínú, òǹlò lè tẹ `/usr/bin/echo` ní kíkún.