Ẹ Yé Já Ayédèrú Mọ́ Ètìpọ́nlá

Ẹ̀yin tí ẹ ń já ewé tà àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se àgbo nílé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Lọ́dún tó kọjá, olùrà kan dá àpò ètìpọ́nlá mẹ́rin padà fún wa. Ó ní ayédèrú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Ètìpọ́nlá wa yìí, Boerhavia diffusa, ni àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, ń pè ní punarnava, ìyẹn “èyí tó tún di tuntun”. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pa á lórí ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á tún rú nígbà òjò. Ara wíwú ni wọ́n ń lò ó fún jù, àti ìtọ̀ tí kò já geere, àti àìtó ẹ̀jẹ̀.

Àṣìṣe tí a ń ṣe níbí, wọ́n ń ṣe é ní Íńdíà náà: wọ́n ń já ewé mìíràn tó jọ ọ́, Trianthema portulacastrum, mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ló ń fà nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ má wo ewé nìkan. Òdòdó ètìpọ́nlá kéré, ó pọ́n, orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń yọ sí. Èso rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìdí ewé ni òdòdó Trianthema sá pamọ́ sí, ewé rẹ̀ sì ki bíi ti pápásan. Èyí tí kò bá tíì yọ òdòdó, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi yọ.

Ẹ má sọ fún mi pé “wọ́n ṣáà jọra”. Gbòǹgbò èkejì yẹn a máa fa ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ohun tó ń ba oyún jẹ́.

Fún àgbo: ètìpọ́nlá gbígbẹ gíráàmù 25, omi mílílítà 400. Ẹ sè é títí yóò fi ku mílílítà 100, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ìdajì láàárọ̀, ìdajì lálẹ́. Ìkúnwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ra òṣùwọ̀n. Aláboyún kò gbọdọ̀ mu ún, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti kíndìnrín. Ẹni tí ara rẹ̀ bá wú, kó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Àwọn oníṣègùn Íńdíà tún ní oògùn kan, punarnava mandura, tí wọ́n ń fi ìdàrọ́ irin ṣe pẹ̀lú: wọ́n á fi ìdàrọ́ náà síná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á rì í sínú ìtọ̀ màlúù, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ má dán ìyẹn wò nílé rárá.

Kí ẹ tó sá ewé ni kí ẹ ti ṣà á, nítorí bó bá ti gbẹ, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá a sí, títí igi rẹ̀ yóò fi máa dá péú.