Táàgì owó ọ̀nà: ohun tí awakọ̀ Àkúrẹ́ ní láti ṣe kó tó dé tóògéètì Èkó

Láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ awakọ̀. Ayé Ọbásanjọ́ ni wọ́n ti mú àwọn tóògéètì ìjọba àpapọ̀ kúrò lójú títì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ọ̀dọ̀ wa kì í fi í rántí táàgì, ìyẹn sítíkà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ kí ẹ̀rọ lè fi gba owó ọ̀nà, àfìgbà tí wọ́n bá gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ẹ̀pẹ́ wọ Lẹ́kkí, tí wọ́n sì fẹ́ gun afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó láti oṣù Kẹrin ọdún 2022.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí owó nínú táàgì. Nọ́ńbà lásán ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lókè ẹnu géètì á ka nọ́ńbà yẹn, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó níbẹ̀ á wá wò ó bóyá ó wà lára àwọn oníbàárà wọn àti bóyá owó ṣì kù lọ́wọ́ ẹ̀. Bí wọn ò bá mọ nọ́ńbà yín, owó yòówù kẹ́ ẹ ní sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, irin ìdènà ò ní gbéra. Ohun tó fà á nìyẹn tí táàgì Lẹ́kkí kì í fi í ṣiṣẹ́ ní géètì pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ìyà tí kò tọ́ sáwọn awakọ̀ lèyí. Ó yẹ kí àwọn tó ń gbowó jọ máa ka táàgì ara wọn.

Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn dígí àwòẹ̀yìn dáadáa. Ẹ lè bá táàgì E-ZPass tàbí SunPass ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, kò lè ṣe nǹkan kan fún yín níbí. Ẹ yọ ọ́ kúrò kó tó di ìdíwọ́ fún tuntun.

Ibi tẹ́ ẹ bá lẹ táàgì mọ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Táàgì onísítíkà kò ní bátìrì. Agbára tí ẹ̀rọ ẹnu géètì bá fi ránṣẹ́ ló ń lò. Irin àti tíǹtẹ́ẹ̀dì tó ní irin lára sì máa ń dí agbára yẹn lọ́wọ́. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n kó láti Yúróòpù ní gíláàsì iwájú tó ń lé ooru padà: tí oòrùn bá kọ lù ú, ẹ ó rí i tó ń dán bí àwọ̀ àlùkò. Lára irú gíláàsì yìí, ibi tí wọ́n to àmì dúdú kéékèèké sí lẹ́yìn dígí ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí wọ́n sábà máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfi irin sí i. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́, kí gíláàsì tó gbóná. Ẹ fi sípíríìtì nu inú gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fi àtàńpàkò tẹ táàgì láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí irin òrùlé tó ìka mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ní méjì, ẹ fi àlàfo tó rúlà kan sáàárín wọn. Ẹ má ṣí i lẹ́ẹ̀kan tó bá ti lẹ̀: wáyà inú ẹ̀ tín-ín-rín, ó máa já, táàgì ti kú nìyẹn. Ẹ má sì gbé táàgì ọkọ̀ kékeré sínú bọ́ọ̀sì, torí nọ́ńbà ọkọ̀ àti irú ọkọ̀ ni wọ́n fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò ni kẹ́ ẹ fowó sí àkáǹtì táàgì yín lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, nílé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Àwọn tó ń ṣe tiransífà nígbà tí wọ́n ti tò sẹ́nu géètì ni wàhálà ń bá: báǹkì ti yọ owó, géètì kò tíì rí i. Owó àlọ àti àbọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ sì fi ti ẹ̀ẹ̀kan lé e.

Tí irin ò bá gbéra, ẹ má fi rìfáàsì padà o, ọkọ̀ wà lẹ́yìn yín. Ẹ tan iná wínkà méjèèjì, kẹ́ ẹ ní kí òṣìṣẹ́ géètì fọwọ́ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín wọlé. Tẹ́ ẹ bá sanwó mìíràn, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ kọ aago àti nọ́ńbà ìlà tẹ́ ẹ gbà sẹ́yìn ẹ̀. Tí wọ́n bá yọ owó lẹ́ẹ̀mejì, ìwé yẹn àti àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì ni kẹ́ ẹ mú lọ sí ọ́fíìsì wọn.